Àparò polówó àmù

Ààlọ̀ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Àparò, ìyá ọlọ́mọ wẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ kan, atẹ́gùn líle ṣí òrùlé Àparò lọ, wùù! Ìta ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń parí lọ. Bí òjò bá dé bá wọn níta, òtútù á pa àwọn ọmọ náà. Àparò ní, "Èmi ò ní í jẹ́ kí òjò bá ọmọ mi níta." Ó mọ àmù púpọ̀, ó sun wọ́n, kí ó lè fi gba koríko bèèrè tí yóò fi bolé.

Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì wà lórí ọ̀pẹ ìta ọjà. Ohunkóhun tí o bá sọ fún wọn, gbogbo ìlú ni wọ́n ń ké e kiri. Àparò lọ bá wọn, ó kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Èmi Àparò ni mo mọ àmù,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*
Èmi ni mo wa amọ̀, èmi ni mo sun ún,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*

Ẹ̀gà ké e, ìlú gbọ́. Ẹtu ń kọjá lọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àparò!" Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rà.

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ìyá, ta ló bi yín léèrè ẹni tó mọ ọ́n? Ẹ dẹ́rù bà wọ́n!" Àparò ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbà. Ó kọrin:

Àmù tí kì í fọ́, gbogbo ayé ti rà á,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*
Ó ku ẹyọ kan, ojú á ti ẹni tí kò ní,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*

Há! Gìrìgìrì ni wọ́n sáré dé. Bèèrè di òkìtì. Àmọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ò tíì délé tí tirẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbàà! Ó kó àpáàdì padà wá.
"Ìyá Àparò, ṣé èyí náà ò fọ́?"
Ni kálukú bá dá àmù padà, tó gbé bèèrè rẹ̀ lọ.

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọ̀bọ tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Àparò ní, "Pa ẹnu ẹ dé! N ó tà á, n ò sì ní í purọ́ mọ́." Ó lọ jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ tí Ewúrẹ́ ń bá ọmọ rẹ̀ wí.
"Mu omi!"
"Ó gbóná, ìyá mi."
"Àbí ọbẹ̀ ni?"
Ètè ọmọ náà ti gbẹ. Àánú ṣe Àparò, nítorí ìyá lòun náà. Ó pọn omi sínú àmù, ó gbé e sí ibòji títí ara àmù fi ń làágùn, ó sì bu igbá kan fún ọmọ náà. Gbú, gbú, gbú!
"Ìyá mi, ó tutù!"
Ewúrẹ́ wo àmù. "Ṣé kì í fọ́?"
"Ó ń fọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá gbé e."
Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá ní kì í fọ́ ni, ǹ bá ti sá lọ."

Àparò kọrin:

Ìyá tí omi rẹ̀ ń gbóná, wá tọ́ tèmi wò,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*
Ó ń fọ́, rọra gbé e, àmọ́ ó ń tutù,
*Ẹ̀gà, ẹ bá mi ké!*

Ẹ̀gà ké, ṣùgbọ́n ohùn Ewúrẹ́ tó ń jẹ́rìí omi tútù náà borí tiwọn. Àwọn ará ìlú wá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fi bèèrè rà á. Àparò fún Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ti ń di ìdì bèèrè tó kẹ́yìn mọ́ òrùlé, òjò dé: tó, tó, tó, yàà! Àwọn ọmọ Àparò sùn, ìyẹ́ wọn gbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀gà òde òní ń bẹ nínú fóònù yín. Bí ó bá ń ké pé ọjà ti fẹ́ tán, pé gbogbo ayé ti ní i, ẹ mí kanlẹ̀ ná, kí ẹ bi ara yín bóyá òùngbẹ ń gbẹ yín. Bí ẹ bá sì di ọlọ́jà lọ́la, ẹ gbọ́ ohun tó ń dun aládùúgbò kí ẹ tó la ẹnu.

Ibi tí ààlọ̀ mi bà sí nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ polówó rẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe gbọ́ òmíràn lẹ́nu mi mọ́.