Ògúndípẹ̀ Pa Iná Ara Rẹ̀

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí odindi àgbò ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọkọ́ kan, Ògúndípẹ̀ dé sí Òkè-Ìràdà pẹ̀lú ẹwìrì kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí akọni tó fi apá líle bọ́ oko àti ilé yìí fi ní ààrò ìyọ́rin mẹ́rìnlá, tí igba ọkùnrin ń jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú méje orí òkè náà bá fi í sí ìgbìmọ̀ wọn.

Èédú ni ààrò ń jẹ, igi sì ni wọ́n fi ń ṣe èédú. Nígbà tó di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, igbó orísun odò Olówè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, odò sì gbẹ. Àwọn obìnrin ń rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ìkòkò omi kan. Ìgbìmọ̀ mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lójú ẹni tó ń rọ ọkọ́ fún wọn? Nígbà tí wọ́n pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kàn ń wúkọ́ ni.

Ojú ti Ògúndípẹ̀. Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀? Èmi ni mo gbẹ odò yín. Ẹ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àáké wọ igbó orísun mọ́, kí ẹ sì ti orí mi bẹ̀rẹ̀."

Baálẹ̀ Adégòróyè, olórí ìgbìmọ̀, ní, "Ògúndípẹ̀, ṣé o mọ̀ pé iná rẹ lo ń pa yẹn? Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀, Baba. A ó jọ gbin igi tí a gé ni. N óò máa bọ́ wọn."

Ìgbìmọ̀ ṣe òfin náà. Nílẹ̀ wọn, ọwọ́ tó bá dá iná ààrò nìkan ló lè pa á. Omi kò sí, iyẹ̀pẹ̀ ni Ògúndípẹ̀ ń bù sí àwọn ààrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Ògúnbùnmi ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀."

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò pa òfin náà mọ́?" Ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Orí mi máa ń wú bí mo bá dé ibí yìí.

Ó ta ẹṣin, ó ta ẹ̀wù oyè, ó fi bọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ní ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn òfin náà, odò Olówè ṣàn la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Ó darúgbó kó tó kú. Ìlú méje pinnu láti gbẹ́ ère rẹ̀, agbẹ́gilére sì yan igi ọmọ̀ tó tóbi jù nínú igbó orísun. Ògúnbùnmi, tí irun rẹ̀ ti funfun, bá wọn lẹ́nu ọ̀nà igbó.

"Ẹ gbé àáké yín padà. Bàbá mi kò yọ ara rẹ̀ nínú òfin yìí nígbà tó wà láyé. Ẹ má yọ ọ́ nísinsìnyí tó ti kú."

Wọ́n yí padà. Ògúndípẹ̀ kò ní ère títí di òní. Igbó náà ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi àáké rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.