Iná Tó Ń Wúkọ́

Ṣé ẹ ti gbọ́ tí iná ń wúkọ́ rí? Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ní Òkè-Amọ̀, lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú.

Àjíún ìyá rẹ̀ ló mọ ìkòkò jù nílùú. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Àwẹ̀ró, má da àpáàdì mi nù. Àwọn ni kí o máa fi bo ìkòkò tuntun kí o tó dáná sí i."

"Mo ṣèlérí, Ìyá mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ààfin ní kó mọ àmù méjìlá, ojú tì í. Àfọ́kù tí eérú ogún ọdún ti lẹ̀ mọ́, ṣé òun ni yóò bo àmù ọba? Ó kó wọn dà sí ààtàn, ó fi koríko tútù rọ́pò wọn.

Koríko jóná, ahọ́n iná sì kan àmù ní tààrà. Gbogbo wọn fọ́. Wọn ò dún bí amọ̀ tó ń fọ́, ikọ́ ni wọ́n ń wú, ikọ́ Àjíún gan-an. Àwẹ̀ró tún òmíràn mọ. Bákan náà ló rí.

Ìyá Fádéyì, amọ̀kòkò ilé kejì, dúró sí ojúde. "Àwẹ̀ró, àmù lò ń mọ ni, àbí àfọ́kù lò ń ṣe fún ọba? Bó bá tún fọ́, ilé wa niṣẹ́ ààfin ń bọ̀, àti ilẹ̀ tí ẹ ti ń wa amọ̀."

Àwẹ̀ró fi amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba ààtàn lọ. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ àwọn àpáàdì náà gbẹ. Wọ́n gbóná bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí."

Ó mọ àmù mìíràn, ó fi àpáàdì bò wọ́n. Iná bú, ó ń lá àpáàdì lójú, wọn ò mì. Ikọ́ kan ò dún. Nígbà tó rẹ àwọn àmù gbígbóná sínú omi èèpo èso igbá, igi tí a ti ń rí irú, wọ́n ń dán bí ojú ẹja. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àmì àtàǹpàkò wà, tí kì í ṣe tirẹ̀, ti Àjíún ni. Ìyá Fádéyì wò ó, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ààfin ò ní bọ́ sílé òun mọ́, ó yí padà, ó lọ sílé.

Àwẹ̀ró ò tún dáná láìsí àpáàdì ìyá rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, àpáàdì ló tó kojú iná.