Igbó Ayípadà àti Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ọ̀rọ̀ tí ì bá dá Ọdẹ́rónkẹ́ dúró dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ó ti wọ igbó lọ. Ajíbóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni ó ru ọ̀rọ̀ náà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ tí ó lé ìgalà tí kò bá a. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbọn máa ń wà lára ògiri ti ṣófo, àtùpà ọdẹ kò sí níbẹ̀, ìgò oògùn nìkan ni ó dúró lórí pèpéle, ó kún dé ọrùn, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ fi pẹ́ lọ́nà, nítorí inú ìpẹ́lọ́nà yẹn ni gbogbo ìtàn yìí ti ṣẹ̀.

Ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́rónkẹ́ ní ìlú Òkè-Ìyeyè. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn nítorí pé Ajíbóyè, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, ń sá fún ẹ̀jẹ̀ bí ológbò ti ń sá fún omi. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó lọ kọ́. Ọmọbìnrin yìí mọ ipasẹ̀ ẹtu nínú koríko, ó mọ ohùn ẹyẹ tí ń sọ pé ejò wà nítòsí. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bá a fínra, èyí tí dókítà ìlú pè ní àìsàn ìgbà méjì. Bí ìgbà kìíní bá dé, inú rẹ̀ a máa dùn ju bí ó ti yẹ kí inú ènìyàn dùn lọ: kò ní í sùn, kò ní í jẹun, ọ̀rọ̀ a máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí oyin tí ọmọdé sọ òkò lu ilé wọn, a sì máa rò pé òun lè fi ọwọ́ lásán mú ẹfọ̀n. Bí ìgbà kejì bá dé, a dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri. Ilẹ̀ a mọ́, ilẹ̀ a ṣú, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Oògùn dókítà ń mú un dúró déédéé, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í fẹ́ rántí ohun tí ó mú ara rẹ̀ yá.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ máa ń rí i bí ìgbà bá fẹ́ yí ni Fadérera, ìyàwó Ajíbóyè, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Ọdẹ́rónkẹ́. Kí Fadérera tó lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ láti kí ìyá ọmọ tuntun, ó ti rí i pé ọdẹ obìnrin náà ń gbálẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, ó ti pín gbogbo ẹran yíyan rẹ̀ fún ẹni tí kò tọrọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Kí ni Fadérera ì bá ṣe? Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, kì í sì í pàṣẹ fún un. Gbogbo ọmọ tí ó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Adúmáradán ni ó ń pe Ọdẹ́rónkẹ́, nítorí dúdú rẹ̀ tí ń dán. Báwo ni yóò ṣe la ojú Adúmáradán, ọkọ rẹ̀, kí ó ní, “Jókòó”? Kò sì tọ́ kí ó fo àgbà lọ bá Ajíbóyè, nítorí náà ó sọ fún ìyálé ilé. Ìyálé ní òun yóò sọ fún ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ ní kí òun ta ẹ̀pà òun tán ná kí òun tó sọ fún Ajíbóyè. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu dé ẹnu bí ìgbín tí ń gun ìrókò, ọdẹ sì ti lọ.

Kí ni ó ń lọ wá? Ó ti gbọ́ pé Onígbà-Méjì, ọba àwọn iwin Igbó Ayípadà, ní ọ̀bẹ kan tí ó lè gé ìgbà kúrò lára ènìyàn bí a ti ń gé ẹ̀ka kúrò lára igi. Ọ̀bẹ yìí ni ó fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lára òun, kí òun lè padà wálé láìní àìsàn kankan.

Bí ó ti wọ igbó náà ni iwin kan pàdé rẹ̀ ní pápá gbalasa. Másùn ni orúkọ rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ pọ̀ bí èso lórí igi ọsàn, kò sì sí ọ̀kan tí ó ní ìpéǹpéjú. Ara rẹ̀ ń kọ mànà bí dígí nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀.

“Ọdẹ tí erin ń dọ̀bálẹ̀ kí!” ni Másùn ké. “Ta ní sọ fún ọ pé ara rẹ kò yá? Ìyẹ́ ni ó ń hù ní èjìká rẹ! Wo àwọn ẹfọ̀n funfun tí ń jẹko lókè yẹn. Yìnbọn lù wọ́n!”

Ìkùukùu ni, kì í ṣe ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rónkẹ́ yìn wọ́n, ó jó, ó kọrin, ó tún yìn, títí ọta ìbọn rẹ̀ fi tán, tí gbẹ̀rẹ́fu ara nìkan ṣẹ́ kù. Ìgbà náà ni Másùn wò ó bí ẹni wo èèpo ọsàn tí a ti mu omi inú rẹ̀, ó sì lọ wá ọdẹ mìíràn.

Ibi tí ó ti ń wá ọ̀nà padà ni ó ti já sí àfonífojì Wúwo, iwin kejì. Wúwo kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ọlọ ńlá tí ó ní ẹnu ni. Kò pariwo rárá. Ó kàn jókòó lé àyà Ọdẹ́rónkẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: “Ìwọ náà kọ́ ni ó ń yìnbọn sí ìkùukùu? Wọn kò wá ọ. Ilé ti sinmi.” Ọdẹ́rónkẹ́ gbà á gbọ́, ó sì kọjú sí ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń wá a. Nígbà tí Fadérera padà dé tí ó bá yàrá tí ó ṣófo, kò tún bá ìyálé sọ ohunkóhun. Ó so ìgò oògùn mọ́ etí ìró rẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ sínú akèrègbè, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́ Ajíbóyè tí ó tóbi jù ú lọ, ó sì ń wọ́ ọ gbàlàgbàlà wọ inú igbó àwọn iwin, ó ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ ọdẹ títí ó fi dé àfonífojì.

“Ẹ kú ìjókòó o, bàbá,” ni ó wí fún Wúwo. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Èmi náà fẹ́ jókòó.”

Láti ọjọ́ tí Wúwo ti ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sún rí. Ẹnu yà á, ó sì sún díẹ̀. Inú àyè díẹ̀ yẹn ni Fadérera jókòó sí, ó gbé orí ọdẹ lé itan.

“Fi mí sílẹ̀, ìyàwó,” ni Ọdẹ́rónkẹ́ wí.

“Mo ti gbọ́, Adúmáradán. Bí ẹ bá mu ẹ̀kọ yìí tán, n óò fi yín sílẹ̀.”

“Ó ti tutù.”

“Ọkọ mi, inú igbó ni mo gbé e gbà. Àbí ẹ rí ààrò lórí mi ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu Ọdẹ́rónkẹ́, ó kú sí ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n ó mu ẹ̀kọ. Ó lo oògùn. Ó sùn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Wúwo ń sún díẹ̀díẹ̀, Fadérera kò sì bèèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́rónkẹ́ pé, “Ìgbà wo ni ẹ óò dìde?” Nígbà tí ó dìde fúnra rẹ̀, ó ní òun kò ní í padà láìrí Onígbà-Méjì. Fadérera ní, “Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n so okùn bàtà.”

Onígbà-Méjì jókòó sí iwájú ilé onílẹ̀kùn méjì. Ọyẹ́ ni apá ọ̀tún rẹ̀, ó gbẹ, ó sán wàrà bí ilẹ̀ oko tí iná jó. Òjò ni apá òsì, ewédò hù sí i, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“Kábíyèsí,” ni Ọdẹ́rónkẹ́ wí, “ẹ fi ọ̀bẹ yín gé ìgbà méjèèjì kúrò lára mi.”

“Ọ̀bẹ wà. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Odò ìlú yín, ṣé kì í kún?”

“Ó máa ń kún.”

“Ṣé kì í fà?”

“Ó máa ń fà.”

“Kí ló dé tí ẹ kò fi yẹ̀pẹ̀ dí i pa?”

“Kábíyèsí, a ń mu ún. A ń pẹja níbẹ̀.”

“Báwo ni kò wá ṣe gbé yín lọ?”

“A kì í kọ́lé sí bèbè rẹ̀. Bí omi bá sì ń pọ́n, àwọn tí ń gbé lókè odò a ké sí wa, àwa a kó àwọ̀n wa, a ó gòkè.”

“Ta ní ń gbé lókè odò tìrẹ?”

Ọdẹ́rónkẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fadérera ń yọ ẹrẹ̀ lára bàtà Ajíbóyè bí ẹni tí kò gbọ́.

“Ìyàwó, kí ló dé tí o kò ké sí mi?”

“Mo ké, ọkọ mi. Etí ìyálé ni mo ké sí. Bí mo bá ní kí ẹ jókòó ńkọ́?”

“N kì bá ti bínú.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀ bá ti sọ pé ìyàwó tí a kò kọ́ nílé ni Ajíbóyè fẹ́!”

Ọdẹ́rónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jáde dáadáa. Onígbà-Méjì náà rẹ́rìn-ín, ewé gbígbẹ já bọ́ lápá kan, omi ṣàn lápá kejì. “Ọ̀bẹ mi kì í gé ìgbà kó má gé ojú tí ó ń rí ipasẹ̀ ẹtu,” ni ó wí. “Ẹni tí kò lè dá òjò dúró, òrùlé ni í tún ṣe, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì ń tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn rẹ nìyí. Ẹ máa lọ sílé.”

Ọ̀nà ilé ni wọ́n ti ń tún òrùlé náà ṣe. Wọ́n sọ ibi tí ìbọn yóò máa wà àti bí wọn yóò ṣe jọ máa lọ rí dókítà. Fadérera ní, “Bí ó bá rẹ èmi náà ńkọ́?” Ọdẹ́rónkẹ́ ní, “Ìyálé yóò gba ipò rẹ, ìwọ yóò sùn.” Nígbà tí ó ṣe díẹ̀ ó tún ní, “Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá pa mí lẹ́rìn-ín ní tòótọ́, má ṣe máa wò mí bí ẹni wo ẹmu tí ó fẹ́ kan o!”

“N óò kọ́kọ́ bi yín pé kí ló pa yín lẹ́rìn-ín. Bí kò bá pa èmi náà, ẹ ti wọ gàù.”

Nígbà tí wọ́n délé, ayọ̀ gba ilé kan. Ìyá sunkún, Ajíbóyè gbá bàtà rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tí ó sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ojú ẹni kì í tó ẹ̀yìn ẹni. Bí o bá ní ẹni tí ń bá ọ wo ẹ̀yìn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ yá, kí o sì fún un láyè láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ara rẹ kò bá yá. Ohun tí Ọdẹ́rónkẹ́ ṣe nìyẹn. Ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní ìyàwó yóò máa pe òun lórúkọ.

“Èèwọ̀!” ni ìyá rẹ̀ ké. “Ìyàwó yóò máa pe ọkọ lórúkọ?”

“Ìyá mi, ẹ̀pà ni ẹ̀ ń tà nígbà tí mo wọ igbó.”

Ọdẹ́rónkẹ́ di ọwọ́ Fadérera mú.

“Fadérera, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti òní lọ, ọjọ́ tí o bá rí i pé ìgbà mi fẹ́ yí, má ṣe rán ìyálé, má ṣe pè mí ní Adúmáradán. Pè mí ní Ọdẹ́rónkẹ́, bí bàbá mi ti sọ mí, kí o sì ní kí n jókòó. N óò gbé ìbọn lé ọ lọ́wọ́, n óò lo oògùn mi, n óò sì jókòó.”