Ọwọ́ Òsì Tanímọ̀lá

Ọdún méjì tó tẹ̀léra wọn ni ọ̀pá ìje já bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń sáré fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan. Ọ̀gá àgbà búra pé bí ó bá tún já bọ́, òun yóò tú ẹgbẹ́ náà ká.

Kóòṣì tuntun, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ní kí wọ́n má sáré mọ́. Kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì máa fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Dúródọlá, olórí wọn, kò gbà á gbọ́.

“Mà, ṣé ìsìnkú la ń lọ ni?”

“Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ máa rìn.”

Lọ́jọ́ kan, kóòṣì dá wọn dúró. “Tanímọ̀lá, òsì ni mo ní kí o fi gbà á lọ́wọ́ Dúródọlá. Kí ló dé tí o ń yí ọwọ́ padà?”

Tanímọ̀lá, àbúrò gbogbo wọn, wolẹ̀. “Mà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn?”

Ẹnu ya Dúródọlá. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọlọ́wọ́ rírọ torí pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀pá ti ń já bọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló ń dè é lọ́wọ́! Ó fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́ òsì.

“Èmi ni mo ní kí o gbà á. Bí o bá fi ọ̀tún gbà á, ìgbà yẹn lo rí mi fín.”

Lọ́jọ́ ìdíje, Dúródọlá na ọ̀pá síwájú. Tanímọ̀lá fi òsì gbà á láìwẹ̀yìn, ó sì fò lọ. Dúródọlá wò ó títí ó fi kọjá gbogbo àwọn tó ń bá wọn díje. Ó yíjú sí kóòṣì. Kí ó tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ fún un.