Ògúnná Kan Ṣoṣo Nínú Ihò Ìyá Òkété

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ̀yin ọmọdé jókòó síwájú, kí ẹ̀yin àgbà fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ti tún mú iná lọ, a ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa mú un dé. Ṣùgbọ́n ìwé owó iná dé láàárọ̀ yìí, òun ò pẹ́ lọ́nà rárá. Inú ń bí mi, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Àlọ́ mi rìn títí, ó gba abẹ́ ọ̀pẹ kọjá, epo ta sí i láṣọ, ó wá balẹ̀ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti Ìyá Òkété ọlọ́mọ mẹ́fà.

Ní ìgbà kan rí, ìlú àwọn ẹranko kan wà tó ń jẹ́ Igbó-Ọ̀pẹ. Ibi tí ojú rẹ bá dé níbẹ̀, ọ̀pẹ ni. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ààrò tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní òkúta ìṣáná tirẹ̀. Bí iná ilé rẹ bá kú, tí o ò sì fẹ́ ṣe wàhálà, wàá mú àpáàdì, wàá yà sílé kejì, wọ́n á fún ọ ní ògúnná kan, wàá dúpẹ́, wàá máa lọ. Kò sí ẹni tó ń gba nǹkan kan lórí iná. Ní ọdún kan tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, omi pa gbogbo iná ìlú, ó sì mú kí òkúta ìṣáná kọ̀, kò ṣá mọ́. Ààrò ìyá tó bí Ìyá Òkété nìkan ló ṣẹ́kù, nítorí inú ihò ló wà. Gbogbo ìlú tò sẹ́nu ihò náà pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Ìjàpá wà lórí ìlà, ó tilẹ̀ já síwájú Ìgbín. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún mi, a máa padà débẹ̀.

Nígbà tó yá, iná jó ilé mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjàpá rí àyè. Ó gba ààfin Erin lọ, Erin ni ọba ìlú.

Ó ní, "Kábíyèsí, kí ló dé tí a fi ń dá iná ogójì nínú ìlú kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ kí n dá ẹyọ iná ńlá kan sí ojúde yín. Igi ni màá tò, epo ni màá fi máa bọ́ ọ, kò ní rú èéfín, kò ní jó ilé ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan wá gba ògúnná tirẹ̀. Igbá ẹyìn kan péré ni kí wọ́n máa mú wá."

Igbá ẹyìn kan? Kí ni ìyẹn lójú ará Igbó-Ọ̀pẹ? Ẹyìn ń já bọ́ lé wọn lórí ni. Inú ìlú dùn. Erin pàṣẹ, Ìjàpá fi iná ààrò rẹ̀, tí kò kú láti ọdún òjò yẹn, dá ti ojúde, wọ́n sì pa gbogbo ààrò yòókù. Ìjàpá ní kí wọ́n kó òkúta ìṣáná náà wá, kí àwọn ọmọdé má baà máa fi ṣeré. Wọ́n kó o sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, wọ́n tún bá a gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dà wọ́n sínú odò. Ẹ gbọ́ o, àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ló kó òkúta wọn fún un bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọdé.

Ẹkù tí àwọn ará ìlú ti ń fún epo tẹ́lẹ̀, koríko bò ó. Ìjàpá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ó ń di ẹyìn tí wọ́n ń san sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará òkè odò, wọ́n ń bá a fún epo rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e padà. Ẹyìn Igbó-Ọ̀pẹ ń rìnrìn àjò lọ, ó ń padà wálé di nǹkan olówó ńlá.

Oṣù kìíní dára, n kò ní purọ́ mọ́ Ìjàpá. Iná ń jó geere. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, òtútù wá ń wọ eegun. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Òkété bímọ mẹ́fà. Ẹ mọ ọmọ òkété tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kò nírun lára, kò lajú, ó pupa yòò. Ọkọ rẹ̀ ti kú sẹ́nu tàkúté ṣáájú. Iná nìkan ló kù tó lè bá a tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà. Bí ihò yẹn bá fi tutù di ọjọ́ kejì, ọmọ ti tán nìyẹn.

Ó gbé igbá ẹyìn kan, ó lọ sójúde. Ìjàpá wo igbá náà, ó mirí.

"Ìyá Òkété, ó ti di igbá mẹ́ta."

"Láti ìgbà wo, Baba Ìjàpá?"

"Láti òwúrọ̀ yìí. Ọ̀nì àti Erinmi ń jà lókè odò, ọkọ̀ ò ráyè kọjá, epo ti wọ́n."

Ìyá Òkété wo ẹ̀yìn Ìjàpá. Ìkòkò epo tò lọ níbẹ̀ bí ẹni to ebè.

"Àwọn ìkòkò wọ̀nyẹn ńkọ́? Ṣebí ṣáájú ìjà ni wọ́n ti dé?"

"Ṣáájú ìjà ni."

"Ta ló wá sọ fún epo tó wà nínú ìkòkò níbí pé wọ́n ń jà lókè odò?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjà ni, kò lè yé ìyá ọlọ́mọ. Ìyá Òkété san igbá mẹ́ta, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dúró.

Ó di igbá mẹ́fà. Nígbà tó yá, ìjà parí. Gbogbo ìlú gbọ́ orin àwọn ọlọ́kọ̀ bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀. Inú Ìyá Òkété dùn, ó gbé igbá kan lọ sójúde.

Ìjàpá ní, "Mẹ́fà."

"Ìjà ti parí."

"Ó ti parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo tí mo rà lásìkò ìjà ni mo ṣì ń lò."

Ìyá Òkété gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Baba Ìjàpá, ẹ má bínú, ẹ ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, epo àtijọ́ lẹ ń lò, iye tuntun lẹ gbà. Nísinsìnyí tí ìjà parí, iye ìgbà ìjà lẹ ń gbà torí pé epo àtijọ́ lẹ ń lò. Ọjọ́ wo ni ọ̀rọ̀ yìí máa yí sọ́dọ̀ tiwa?"

Ìjàpá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kàn sọ fún Ọ̀bọ pé kó máa ṣọ́ obìnrin yẹn.

Ọ̀bọ ni ọmọ iṣẹ́ Ìjàpá. Òun ló ń gbé igbá omi kiri, ilé tí kò bá san tán, omi ló máa dà sí ààrò rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló dé ẹnu ihò.

"Ìyá Òkété, ẹ kú ilé o. Igbá mẹ́sàn-án ni tiyín."

"Mẹ́sàn-án báwo? Ògúnná kan ni mò ń gbà lójúmọ́ bíi ti gbogbo ilé."

"Mo wo ẹnu ihò yín, mo rí i pé inú rẹ̀ máa jìn. Ihò tó bá jìn máa ń jẹ iná."

"Ṣé o ti wọ inú rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo fojú díwọ̀n ni."

Ìyá Òkété ní òun ò ní san iná tí òun ò jó. Ọ̀bọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, ó sì da omi sí ààrò. Ṣààà. Eérú fò bo àwọn ọmọ mẹ́fà níbi tí wọ́n gbé wọ́ pọ̀.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọmọ tó kéré jù ò ké mọ́. Ìyá Òkété gbé e sí àyà, kò gbóná. Ó gbá gbogbo ẹyìn tó kù nílé jọ, ó sáré lọ sójúde, ó ń sunkún, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó. Ìjàpá gba ẹyìn, ó ṣa ògúnná kékeré kan lára igi rírọ̀, ó jù ú sínú àpáàdì rẹ̀.

Ó délé, kò sí igi. Ògúnná náà ti ń dúdú lọ. Ó yíjú ká inú ihò, ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: òkìtì èésan. Èésan ni èèpo líle tó ń bo ẹkùrọ́. Òkété kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa pa ẹkùrọ́ jẹ, láti ayé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń da èèpo rẹ̀ sí igun yẹn. Ó fọwọ́ gbẹ́ àárín òkìtì náà, ó ki ògúnná bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Kò jó lala. Ó kàn ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ inú lọ. Ihò bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Nígbà tí àkùkọ kọ, ọmọ tó kéré jù ké wíín. Ìyá Òkété jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀ tó pọ̀ ju ti ìbànújẹ́ lọ. Ilẹ̀ mọ́, iná wà. Ọ̀sán pọ́n, iná wà. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, èésan ni ó ń bọ́ ọ, iná ò kú. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé igi rírọ̀ tí Ìjàpá ń lò, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kí ògúnná lè máa kú lọ́sàn-án, kí wọ́n lè padà wá láàárọ̀. Inú wá bí i gidi.

Ìyá Ehoro tó ń gbé nítòsí wá bá a lọ́jọ́ kẹrin, omi Ọ̀bọ ti pa ààrò tirẹ̀ náà. Ìyá Òkété ní, "Lọ mú àpáàdì wá."

"Igbá mélòó?"

"Àpáàdì ni mo sọ. Mo ha sọ igbá bí?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò fi pamọ́. Ó jókòó sẹ́nu ihò ní ọ̀sán gangan, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ mú àpáàdì wá o,
*Iná ń bẹ nínú ihò.*
Ẹ má gbé ẹyìn kankan wá o,
*Iná ń bẹ nínú ihò.*
Ọmọ mi ò tutù mọ́ o,
*Iná ń bẹ nínú ihò.*

Láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó lọ sójúde mọ́. Iná Ìjàpá ń jó epo lásán, ìkòkò ń gbẹ, Ọ̀bọ ń sùn. Ìjàpá sáré lọ bá Erin, ó ní olè wà nílùú. Erin ní kí gbogbo ìlú pé jọ ní àárọ̀.

Ìjàpá dìde láàárín àwùjọ. "Kábíyèsí, ọwọ́ mi ni obìnrin yìí ti gba ògúnná. Ògúnná yẹn ló bí gbogbo iná tó ń pín. Ọmọ iná mi, tèmi ni."

Ìyá Òkété ò tẹríba. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù wà ní àyà rẹ̀. "Mo ra ògúnná yẹn, mo sanwó rẹ̀."

"Ẹyọ kan lo rà. O ò ra ọmọ rẹ̀."

Erin ní, "Ìjàpá, ṣé bó o ṣe fẹ́ kó jẹ́ òfin nìyẹn?"

Ìjàpá rí i pé ọba ń gbọ́ tòun, ojúkòkòrò bá gùn ún. "Òfin ni kí ẹ ṣe é, Kábíyèsí. Ẹni tí iná rẹ̀ bá bí iná, òun ló ni ọmọ, òun ló ni ọmọ ọmọ, òun ló sì ni gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lórí wọn. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún un."

Erin fẹsẹ̀ janlẹ̀. Òfin délẹ̀.

Ìyá Òkété wá yíjú sí ibi tí Ìgbín jókòó sí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún tí òjò fi ọjọ́ mọ́kànlá rọ̀, ta ló wà níwájú yín lórí ìlà lẹ́nu ihò ìyá mi?"

Ìgbín ò yára sọ̀rọ̀ rí. Ìlú dúró dè é. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó yọjú dáadáa.

"Ìjàpá ni. Ó já síwájú mi. Àpáàdì rẹ̀ ní ojú ihò kan létí. Ìyá rẹ fún un ní ògúnná méjì torí pé Yánníbo ń ṣàìsàn. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbàgbé, torí pé mo ṣì ń bínú."

Ọ̀bọ rọra gbé igbá omi rẹ̀ sílẹ̀. Ìjàpá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, òun sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn. Erin ní òfin tó fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ni.

Iná ìyá rẹ̀ ló bí iná Ìjàpá; bí gbogbo iná ojúde ṣe di ti Ìyá Òkété nìyẹn, àti epo, àti ẹyìn, àti ìkòkò. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ó ní, "Kí kálukú wá gbé ẹyìn tirẹ̀. Kí a lọ ro koríko ẹkù wa, ká máa fún epo wa fúnra wa. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tún ààrò rẹ̀ dá. Ọ̀bọ, gbé omi rẹ, kó o pa iná yẹn."

Ọ̀bọ pa á. Ìyá Òkété wá kọjú sí Ìjàpá. "Ẹnu ihò mi ṣí sílẹ̀, Baba Ìjàpá. Ọjọ́ tí òtútù bá mú yín, ẹ mú àpáàdì wá. N kò ní gba nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìjàpá ju kí wọ́n nà án lọ. Ojú ń tì í láti gbé àpáàdì lọ síbẹ̀, títí di òní olónìí kò lọ. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi máa ń tutù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí i lórí àpáta tó ń na ọrùn sí oòrùn, torí pé oòrùn ò bi í léèrè ohun tó ṣe nígbà tí ìlú ní kó tọ́jú iná.

Ìdí àlọ́ mi rèé o: ẹ má ṣe pa ààrò yín nítorí ẹni tó ń ta iná. Bó bá ní nǹkan ti wọ́n, ẹ béèrè ọjọ́ tó ra èyí tó ń tà, ẹ sì tún béèrè ọjọ́ tó máa wálẹ̀. Kí ẹ má bẹ̀rù láti béèrè lójú gbogbo èèyàn.

Bí mo bá purọ́, kí ẹ lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìjàpá láàárọ̀ kùtùkùtù, bí ẹ bá bá a tó gbóná, kí ẹ má gbọ́ àlọ́ lẹ́nu mi mọ́.

Ó yá, ẹ bá mi mú ìwé owó iná yẹn wá. Ẹni tó fojú díwọ̀n ilé wa láti ojú títì, lọ́la ni màá lọ mú un lọ́wọ́, kó wá wọ inú rẹ̀.