Ọrun Àtòrì Ọdẹ́jọbí

Ní ìlú Òkè-Apó, láyé ìgbà tí ìbọn kò tíì dé ọwọ́ àwọn ọdẹ, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jọbí. Ó ti dàgbà. Kì í ṣe àgbà tí ń fi ọ̀pá tilẹ̀ o, ṣùgbọ́n bó bá jí láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ jókòó sétí ẹní, yóò máa fi ọwọ́ òsì ra èjìká ọ̀tún, yóò sì máa rò ó bóyá kí òun dìde tàbí kí òun tún sùn. Èjìká náà ti ń dà á láàmù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojúọlápé ìyàwó rẹ̀ a máa fi òrí pa á fún un lálaalẹ́. Òrí a wọlé, ìrora kò ní jáde.

Ti oko kọ́ ni Ọdẹ́jọbí ń rò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ká a lára ni ọfà títa. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó iṣu tuntun wọlé tán, gbogbo ọkùnrin Òkè-Apó tó mọ ọfà í ta a máa péjọ sí pápá tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Wọn a gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nàró lókèèrè, wọn a sì máa ta á lọ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí àwọn baba ọlọ́mọ ṣe ń múra sí i yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tafàtafà yìí ni ọkùnrin ti ń ní ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ẹmu nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú sì ti ń kọ́kọ́ dé etí wọn. Bí ẹnì kan bá wá ta ọfà lọ́dún mẹ́ta léraléra tí kò ba ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, Olúọdẹ tí í ṣe olórí wọn yóò gba ọrun lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi í há àjà ilé tirẹ̀, onítọ̀hún yóò sì lọ jókòó ti àwọn tí ń wòran. Wọn kò ní bú u, wọn kò ní nà án. Wọn kò kàn ní máa ránṣẹ́ pè é mọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì burú jù.

Ọdẹ́jọbí ti tàsé lọ́dún méjì. Èyí tó ń bọ̀ yìí ló kù.

Akọ ọrun ni wọ́n ń pe ọrun rẹ̀. Nígbà tó wà ní géńdé, kò sí ẹlòmíràn tó lè fa ọsán rẹ̀ dé etí. Nísinsìnyí, kó tó lè de ọsán mọ́ ọn, àfi kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí Ojúọlápé sì bá a di ìdí ọrun náà mú nísàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa mí gúlegúle bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Bí wọ́n bá dè é tán, agbára tí ì bá fi ta á ti tán.

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbé akọ ọrun náà lọ sọ́dọ̀ Ọnàwùmí, ẹni tí ń gbẹ́ ọrun fún gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọlà fún àwọn méjèèjì, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè bá ara wọn sọ.

Ọdẹ́jọbí ní, "Ó ti rẹ ọrun yìí. Gbẹ́ òmíràn fún mi, kó nípọn jù ú lọ. Ọfà mi kì í dé ọ̀hún mọ́."

Ọnàwùmí gba ọrun náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò rẹ ọrun yìí o. Ẹni tó rẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí n kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́ fún ọ? Àwọn ọmọ tí ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ láàárọ̀ ni? Eyín rẹ ń mì, o wá ní kí n bá ọ wá ẹkùrọ́ tó le sí i."

Ọnàwùmí wọlé, ó mú ọrun kan jáde. Igi àtòrì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀. Esùsú ló fi ṣe igi ọfà rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ju koríko lọ. Ọdẹ́jọbí wo ọrun náà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ta aláǹgbá lo fẹ́ kí èmi gbé lọ sí pápá? Kí ni wọ́n máa wí?"

"Bí o bá tún tàsé, kí ni wọ́n máa wí?" Ọnàwùmí ti ọrun náà sí i lọ́wọ́. "Níbo lo ń fa ọsán akọ ọrun rẹ dé báyìí? Má purọ́ fún mi. Àyà ni. Ọrun líle tí a fà dé àyà kò tó ọrun rírọ̀ tí a fà dé etí. Ọfà rẹ náà ti wúwo jù fún ọ. Fa èyí dé etí, gbé imú ọfà sókè díẹ̀, kí o wá fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Má tì í lẹ́yìn."

Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé. Ọdẹ́jọbí fa ọsán, ó sì bá a dé etí. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Èjìká kò pariwo. Ó fi ọfà sílẹ̀, ọfà kọjá ebè iṣu, ó kọjá igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ebè, ó lọ bọ́ sí ibi tí àwọn méjèèjì kò rò pé ó lè dé.

Ó yẹ kí inú Ọdẹ́jọbí dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Ohun tó ń rò ni pé, ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń fi akọ ọrun ya èjìká, ohun tí òun nílò wà nínú ilé Ọnàwùmí, kò sì nípọn ju ọ̀pá ìdaran lọ. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ó lè bá a fi igi dúdú bò ó lára kó lè dà bí ọrun ńlá. Ọnàwùmí ní bó bá bò ó, yóò wúwo, bó bá sì wúwo, kò ní wúlò fún un mọ́. Ọdẹ́jọbí ká a sínú ẹní, ó gbé e relé.

Ojúọlápé ní, "Baba Ògúnṣínà, kí lẹ ká sínú ẹní yìí?"

"Ẹní ni."

"Ẹní nínú ẹní." Obìnrin náà tú u wò, ó rí ọrun tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó bá lè jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi òrí pípa, ẹ bá mi gbé e lọ."

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo ìlú tú sí pápá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Akínfẹ́nwá, apá rẹ̀ ki bí orí odó. Òun ló kọ́kọ́ ba ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fa àgbò lé e lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ bà á ló ni àgbò. Nígbà tó kan Ọdẹ́jọbí, tó tú ẹní, ẹ̀rín ta láàárín àwọn géńdé. Akínfẹ́nwá ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣèèṣì gbé ti ọmọ-ọmọ yín wá?"  Ọdẹ́jọbí fa ọsán dé etí, ó gbé imú ọfà sókè, ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn tí ọfà fi gún ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín.

Àwọn yòókù tó bá ba ìtí, adìẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún wọn. Ṣùgbọ́n adìẹ Òkè-Apó yìí kì í ṣe adìẹ ọbẹ̀. Sísìn ni wọ́n ń sìn ín. Bí ọdún bá tún yí po, ọmọ tí adìẹ náà pa ni tafàtafà yóò gbé lọ fún Olúọdẹ kí wọ́n tó fún un láyè ní pápá. Bí àṣá bá gbé e tàbí àrùn pa á, wọn a bá a kẹ́dùn, wọn a fún un ní òmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ọwọ́ olówó rẹ̀ kú, wọn a ní ó ti jẹ ọrun rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì di ti ẹni tó tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú adìẹ, wọn kò fẹ́ kó gbé ọfà láàárín èèyàn.

Olúọdẹ fúnra rẹ̀ ló gbé adìẹ náà lé Ọdẹ́jọbí lọ́wọ́. Ó ní, "Ìjókòó rẹ rèé. Rọra gbé e."

Àwọn yòókù so adìẹ tiwọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi wọ́n há abíyá. Ọdẹ́jọbí náà ṣe bẹ́ẹ̀. Akínfẹ́nwá ní tirẹ̀ fi okùn sí àgbò lọ́rùn, ó ń fà á yí ìlú ká, àwọn obìnrin sì ń kì í tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́jọbí náà ti ń ṣe lọ́dún púpọ̀ nígbà ayé akọ ọrun. Ó dúró wò wọ́n títí ariwo wọn fi yà sí ọ̀nà ààfin, ó wá gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ ní òun nìkan. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n tafà lónìí.

Obìnrin náà ní, "Baba, ẹ kú ọjà o. Eélòó lẹ ra adìẹ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èjìká lọ. Òun tó borí gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín, òun ni wọ́n ń kí ní ẹ kú ọjà. Bí obìnrin náà ti kọjá, ó gbé adìẹ sílẹ̀, ó tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi okùn náà sí i lọ́rùn. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa adìẹ lọ bí ẹni tó fa àgbò. Àwọn èèyàn yọjú lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń kí i. Ó ń dáhùn. Adìẹ fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á. Adìẹ gbọn ìyẹ́ pàtàpàtà, ó tún fà á. Kò wẹ̀yìn, nítorí ẹni tó gba àgbò kì í wẹ̀yìn wo àgbò. Nígbà tó yá, okùn náà rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì rò pé adìẹ ti gbà.

Ojúọlápé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Baba Ògúnṣínà, kí lẹ ń wọ́ bọ̀ yìí?"

Ìgbà náà ni Ọdẹ́jọbí tó wẹ̀yìn. Obìnrin náà ti sáré tú okùn, ó da omi sí adìẹ lórí, ó gbé e sókè. Ọrùn rẹ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó gbé e kalẹ̀.

Ọdẹ́jọbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àárẹ̀ tó mú un kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi òrí pa. Ojú tì í, ó sì dùn ún, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì.

Ojúọlápé rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Adìẹ tó jọ ọ́ wà nínú àgò wa. Ta ni yóò mọ̀?"

"Gbogbo ìlú ló rí mi, Ìyá Ògúnṣínà. Èmi ni mo ní kí wọ́n wò mí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gbé òkú adìẹ dání, ó fi ọrun àtòrì kọ́ èjìká, ó lọ sí ilé Olúọdẹ. Olúọdẹ wo adìẹ náà, ó rí ojú okùn lọ́rùn rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

Ó ní, "Ọdẹ́jọbí, ìwọ lo mọ ọrun tó yẹ àgbà. Báwo ni o kò ṣe mọ okùn tó yẹ adìẹ?"

 Ọdẹ́jọbí na ọrun náà sí i fúnra rẹ̀ kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ òun. Olúọdẹ fi í há àjà, láàárín àwọn ọrun ńláńlá tó ti gbó. Tirẹ̀ nìkan ló ṣì tutù níbẹ̀, òun nìkan ni olówó rẹ̀ ṣì lè fà dé etí.

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi iyì ẹlòmíràn wọ́ ohun tirẹ̀ nílẹ̀, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: Ohun tó yẹ ẹni ló yẹ ẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.