Bí Oyèékànmi Ṣe Gé Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rẹ̀

Ìròyìn náà dé Òkè-Olókùúta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lára koríko. Wọ́n ní Bàbá Ògúnjìnmí, àgbà mẹkáníìkì tó ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, ti sùn, kò sì jí. Ẹni tó sọ ọ́ fún Oyèékànmi ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oyèékànmi dúró sójú kan. Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ wá. Ìtìjú ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Kí ló dé tí ojú fi ń tì í? Ẹ fara balẹ̀, kí n mú un láti ìpìlẹ̀.

Ohun tó rẹlẹ̀ kọ́ ló fìdí múlẹ̀,
Ohun tó ń dán kọ́ ló lágbára,
A kì í gé ẹsẹ̀ ẹṣin nítorí kí ó lè sáré:
àwọn ni wọ́n díá fún Oyèékànmi ọmọ tíṣà, ní ọjọ́ tó ń fi owó díẹ̀ wá ẹsẹ̀ tuntun fún ọkọ̀ eré rẹ̀. Wọ́n ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó gbọ́ràn.

Ọkọ̀ náà jẹ́ àlòkù, pupa bí ata, oníjókòó méjì. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sáré láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè ìlú, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á sì fi aago wo ẹni tó yá jù. Oyèékànmi fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti gbó. Bó bá wọ kòtò, á dún gbàgà. Bó bá yà ní kọ́nà, á tẹ̀ síhìn-ín, á tẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ ojú omi.

Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju nǹkan kan tàbí méjì lọ. Ó ti rí ṣọ́ọ̀kì òkèèrè kan tí ènìyàn lè fọwọ́ yí kí ọkọ̀ ga tàbí kó rẹlẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó o. Ó rí sípíríǹgì kúkúrú. Ó rí ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀. Ó rò ó títí orí fi ń fọ́ ọ. Èwo ni kí òun mú? Èwo ni kí òun fi sílẹ̀?

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnjìnmí lọ.

Bàbá tó bí bàbá Ògúnjìnmí lọ́mọ jẹ́ awo Ifá. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀. Á gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun ọkọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì yọwọ́. Bí igun náà bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó jókòó jẹ́ẹ́, á fa ìlà kan sínú iyanrìn. Bó bá gòkè, tó sọ̀, tó tún gòkè, á fa ìlà méjì. Igun mẹ́rin, ipò mẹ́rin, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ìlà kan ṣoṣo ní ipò kọ̀ọ̀kan ló máa ń fẹ́ rí, ìyẹn ẹsẹ̀ Ogbè. Ọkọ̀ Oyèékànmi fún un ní méjì, méjì, méjì, méjì. Àwọn tó mọ Ifá mọ orúkọ ẹ̀. Ọ̀yẹ̀kú ni, odù tó ń kìlọ̀ ikú.

Bàbá wo ìlà náà fún ìgbà díẹ̀. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi irin mi ibí, ó mi ọ̀hún. Nígbà tó jáde, ó ní sípíríǹgì ọkọ̀ náà yè, kò ṣe nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú. Àwọn rọ́bà tó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ti fọ́ wẹ́wẹ́.

“Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀,” ni Bàbá wí. “Ṣọ́ọ̀kì ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Rọ́bà ló so àwọn méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀. Bí rọ́bà bá ti kú, ohun yòówù kí o rà, inú ajere lo da omi sí.”

Ó ní kí Oyèékànmi kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà, kó sì ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, irú èyí tí ọkọ̀ náà bá wá sáyé. Oyèékànmi béèrè ibi tí owó ṣọ́ọ̀kì yóò ti wá. Bàbá nawọ́ sí àwọn ríìmù ńláńlá tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Wọ́n ń dán bí dígí.

“Ẹbọ rẹ nìyẹn. Tà á. Ó wúwo jù, táyà orí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà irin kò lè jó, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ló fi èèwọ̀ kan kún un: kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sípíríǹgì yẹn láéláé.

Wọ́n sọ fún un, ó gbọ́. Ó gbọ́, kò gbà. Ẹnu rẹ̀ dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ń rojọ́. Nítorí ríìmù yẹn ni àwọn ènìyàn ṣe máa ń yíjú wo ọkọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò tẹ orí ba wo rọ́bà?

Bó ti ń lọ sílé, ó gba iwájú ìsọ̀ Jìgan kọjá. Mẹkáníìkì ni Jìgan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

“Ẹ̀gbọ́n Oyèé, ọkọ̀ eré rèé àbí ọkọ̀ alágbàdo? Ewúrẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì bẹ̀rẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Oyèékànmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Jìgan ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Òun yóò fi ẹ̀rọ agérin gé sípíríǹgì náà kúrú, owó kékeré ni, ọkọ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ilẹ̀. Oyèékànmi rántí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Iná ń ta pàràpàrà lára irin. Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó rẹwà, àfi bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi yìn ín ní ìgboro. Oyèékànmi ní ayé ti kọjá lórí Bàbá Ògúnjìnmí.

Ọjọ́ eré pé. Oyèékànmi gbéra. Ó gba kọ́nà kìíní, ó gba èkejì. Ní ẹ̀kẹta, ojú ọ̀nà rì díẹ̀ níbi tí omi òjò máa ń gbà kọjá. Sípíríǹgì tí wọ́n ti gé kò ní àyè tó lè rọ̀ sí mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ fi ara gbá ilẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú fò sókè, ọkọ̀ sì já wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ lu òkúta. Orúnkún Oyèékànmi nìkan ló bó. Ọlọ́run yọ ọ́.

Àwọn ènìyàn sáré dé. Alàgbà Dúródọlá, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, bi í léèrè ẹni tó tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe.

Jìgan wà láàárín èrò. Ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Oyèékànmi ì bá ti sọ pé òun ni òun ní kí wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìlú wà lára rẹ̀.

“Bàbá Ògúnjìnmí ni,” ló wí.

Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí wọ́n ti rí ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, ìka rẹ̀ sì kan ojú ibi tí wọ́n ti gé irin. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó wo Oyèékànmi. Oyèékànmi wo ilẹ̀.

“Ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi,” ni Bàbá wí. Ó yí padà, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ọwọ́ Bàbá ti gbọ̀n jù fún iṣẹ́. Àwọn oníbàárà fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ọdún kan ló fi ń jókòó lábẹ́ igi odán rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀, á gbé orí sókè. Ọkọ̀ náà á kọjá. Oyèékànmi kò gba àdúgbò yẹn mọ́. Ọ̀nà odò ló ń gbà yíká. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n pàdé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Bàbá ló kọ́kọ́ kí i. Ó bi í léèrè àlàáfíà, Oyèékànmi dáhùn, ó sì sá wọlé. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, òun yóò lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ọ̀la tán.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá, Oyèékànmi lọ sí ilé rẹ̀. Ó bá Màmá Rébékà, opó Bàbá, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè dìde.

“Màmá, èmi ni.”

“Mo mọ̀,” ni Màmá wí. Ó mú òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà. “Ọjọ́ náà gan-an ló sọ fún mi.”

Oyèékànmi béèrè ìdí tí Bàbá kò fi sọ̀rọ̀ lójú èrò. Màmá ní olóògbé bàbá Oyèékànmi ló kọ́ ọkọ òun ní ìwé kíkà, nígbà tó ti dàgbà kọjá ẹni tí í jókòó sí kíláàsì. Bàbá ní òun kò lè dójú ti ọmọ tíṣà òun ní gbangba. Ó ní ọmọ náà yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀ tó bá yá.

“Ohun kan ló ń bi mí títí ó fi kú,” ni Màmá wí. “Á ní, ‘Rébékà, ǹjẹ́ ọmọ yẹn ti pààrọ̀ rọ́bà yẹn? Kò ní pa ara rẹ̀ bí?’”

Ìgbà náà ni ẹkún tó dé. Màmá fi í sílẹ̀ kó sun ún. Nígbà tó dákẹ́, ó ní òun yóò ra màlúù fún ìsìn ogójì ọjọ́ Bàbá.

“Màlúù kò lẹ́nu,” ni Màmá wí. “Ibi tí o ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ ni kí o ti lọ tún un ṣe.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ń ṣe ìpàdé. Oyèékànmi gbé sípíríǹgì mẹ́rin tí wọ́n gé náà dání. Ó kó wọn sílẹ̀ níwájú Alàgbà Dúródọlá. Kò bu ọ̀rọ̀ kankan kù. Ó sọ ohun tí Bàbá wí, ó sọ ohun tí òun ṣe, ó sọ irọ́ tí òun pa. Kò dárúkọ Jìgan. Ó ní òun ni òun béèrè fún un.

Àgbà awakọ̀ kan bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní òun wà lára àwọn tó fi Bàbá sílẹ̀, àti pé òun kọjá níwájú rẹ̀ láì kí i. Jìgan dìde lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sì ní ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní ọwọ́ òun ló gé e, òun sì dákẹ́. Alàgbà ní Oyèékànmi kò gbọdọ̀ sáré lórí òkè fún ọdún méjì. Oyèékànmi ní ó tọ́ sí òun. Ọ̀kan lára wọn pariwo pé ó yẹ kí wọ́n lù ú. Alàgbà ní kó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni Oyèékànmi ta ríìmù. Ó pààrọ̀ rọ́bà. Ó ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, ó wá sípíríǹgì tí ẹ̀rọ agérin kò kàn, ó sì fi táyà tó nípọn sí ríìmù kékeré. Bí Bàbá ṣe tò ó ni ó ṣe tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ náà ga padà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba kọ́nà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Orúkọ Bàbá Ògúnjìnmí padà sí ẹnu àwọn ènìyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ríìmù mẹ́rin péré ni Ifá kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí Oyèékànmi kọ̀ tí kò fi wọ́n sílẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló fi rọ́pò wọn. Ẹbọ tó pẹ́ ń dà, ire sì ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í jí òkú. Ẹni tí a bá gbà nímọ̀ràn, kó tètè gbà á nígbà tí ẹni tó gbà á nímọ̀ràn ṣì lè gbọ́ ọpẹ́ rẹ̀.

Ní ogójì ọjọ́, Oyèékànmi lọ gbé Màmá Rébékà lọ sí ìsìn ìrántí Bàbá. Màmá kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà ilé ìjọsìn náà kún fún gbágungbàgun. Oyèékànmi rọra wà á, ọkọ̀ kò sì dún gbàgà mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá ti gbé orí lé ẹ̀yìn ìjókòó, ó ti sùn lọ.

Wọ́n dé ibẹ̀ ṣáájú agogo. Ó wa ọkọ̀ sábẹ́ ìbòòji, ó pa ẹ́ńjìnì, ó sọ dígí kalẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Kò jí i. Ó jókòó tì í títí agogo fi lù.